Bí Wọ́n Bá Máa Gba Owó Orí Lórí Epo, Kí Wọ́n Sọ Iye Rẹ̀ ní Náírà

Mo mọ̀ pé bí àwọn kan bá ti rí "owó orí" nínú ìwé wa báyìí, wọ́n á ti fẹ́ fi pọ́n iyọ̀ fún oníbàárà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán ná, kẹ́ ẹ tó fi pọ́n iyọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan aláta, ó kan ẹlẹ́ja, ó kan oníṣu bíi tèmi, ó sì kan alábàárù tó ń ru ẹrù wa.

Ọ̀rọ̀ owó orí tí ìjọba àpapọ̀ kọ sínú òfin pé àwọn á máa gbà lórí epo mọ́tò ni. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 ló wà, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026. Wọ́n ní kí wọ́n máa gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí iye tí wọ́n bá ń ta epo bẹntiróòlù àti dísẹ̀lì. Ìyẹn ni pé bó o bá ra epo ọgọ́rùn-ún náírà, náírà márùn-ún á gorí ẹ̀. Wọ́n yọ kẹrosíìnì tí à ń lò nílé sílẹ̀, wọ́n yọ gáàsì ìdáná, wọ́n sì yọ gáàsì CNG tí àwọn ọkọ̀ kan ti ń lò báyìí. Wọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀ yẹn, ká má purọ́. Òfin náà sì sọ pé owó yìí ò lè bẹ̀rẹ̀ àfi ọjọ́ tí mínísítà ètò ìnáwó bá gbé àṣẹ jáde, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìkéde ìjọba.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àná ni wọ́n bí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lọ́jà látijọ́, ẹ ó rántí oṣù Kìíní ọdún 2004 nígbà Ọbásanjọ́, tí wọ́n gbé owó orí náírà kan ààbọ̀ lé lítà epo kọ̀ọ̀kan, pé àwọn fẹ́ fi tún ọ̀nà ṣe. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí Adams Oshiomhole jẹ́ ààrẹ wọn nígbà náà ní àwọn á da iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ ní Àbújá, adájọ́ ní kí ìjọba dá owó orí náà dúró, kí àwọn òṣìṣẹ́ náà dá ìyanṣẹ́lódì dúró. Nígbà tó di ọdún 2007, wọ́n tún òfin àjọ FERMA tó ń tún ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ṣe kọ, wọ́n fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún orí epo sínú ẹ̀. Nínú owó tó bá wọlé, ìdá ogójì á lọ sọ́dọ̀ FERMA, ìdá ọgọ́ta á lọ sọ́dọ̀ àwọn àjọ tó ń tún ọ̀nà ṣe ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òfin yẹn wà nínú ìwé láti ọjọ́ náà, owó náà ni wọn ò gbà. Òun ni wọ́n tún gbé jáde báyìí ní aṣọ tuntun.

Ṣé ẹ rí i pé nǹkan kan yí padà láàárín 2004 sí 2007? Ti àkọ́kọ́, wọ́n sọ iye rẹ̀: náírà kan ààbọ̀. Ti èkejì, wọn ò sọ iye kankan, ìdá ni wọ́n sọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Gbogbo ariwo tí mo ń gbọ́ lọ́jà ni pé ṣé kí wọ́n gbà á ni àbí kí wọ́n má gbà á. Ẹnikẹ́ni ò béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ máa kà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ọjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, 65 náírà ni lítà epo. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ náírà mẹ́ta àti kọ́bọ̀ 25. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, epo di 145 náírà. Ìdá kan náà ti di náírà méje àti kọ́bọ̀ 25. Ní oṣù Keje ọdún 2023, epo dé 617 náírà. Ó di náírà 30 àti kọ́bọ̀ 85. Bí lítà bá wá jẹ́ 1,000 náírà, bí a ṣe rí i ní ọdún 2024, náírà 50 ni. Òfin kan náà ni o. Ìdá kan náà ni. Ẹnikẹ́ni ò jókòó nílé ìgbìmọ̀ láti fi kọ́bọ̀ kún un, ẹnikẹ́ni ò bi wá léèrè, síbẹ̀ owó orí ti ti náírà mẹ́ta dé àádọ́ta.

Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, dọ́là ló ń darí iye rẹ̀, àti iye tí wọ́n ń ta epo rọ̀bì lágbàáyé. Bí wọ́n bá ń jà ní ilẹ̀ Lárúbáwá, epo wa á wọ́n. Bí náírà bá ṣubú, epo wa á wọ́n. Bí wọ́n bá wá fi ìdá gba owó orí, ọjọ́ tí ara bá ń ni wá jù lọ lọ́jà ni owó orí á tóbi jù. Ọjọ́ tó yẹ kí ìjọba bá wa dín ẹrù kù ló máa fi kún un, láì tilẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

Gbogbo wa la ń dá àjọ. Bó o bá ń dá 500 náírà lójúmọ́, o mọ̀ pé 500 ni. Ó mọ̀ ọ́n pé alájọ á mú ti ọjọ́ kan nínú oṣù fún wàhálà ẹ̀, ẹ ti jọ sọ ọ́. Ṣé ẹ ti rí alájọ tó máa dé ìsọ̀ yín láàárọ̀ tó máa ní, "Ìyá Rísí, ata wọ́n lónìí, nítorí náà àjọ rẹ ti di 800"? Ẹ ó lé e kúrò níbẹ̀ ni. Ìdí tí àjọ fi ṣeé dá ni pé a mọ iye rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọlọ́jà ò lè fi ohun tí kò mọ iye rẹ̀ ṣe ètò.

Mo fẹ́ sọ ti ara mi. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ tuntun sọ ọ́ ní Àbújá pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mọ́tò ti tò síwájú ilé epo. Èmi wà ní Òkè-Ògùn ní ọjọ́ kejì, mo ti ra iṣu, mo ti sanwó, a ti ń kà á sínú ọkọ̀. Dírẹ́bà tá a jọ ti dúnàádúrà ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú wá bá mi, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, owó tá a jọ sọ yẹn ò gbé wa dé ìdajì ọ̀nà mọ́." Mi ò lè bá a jà. Kò purọ́. Epo tí ò tó 200 náírà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ti di nǹkan bí 500 náírà kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Mo kó iṣu náà dé, oníbàárà mi tó ti fi owó sílẹ̀ ní iye àná ni òun fẹ́ san. Mo tà á bẹ́ẹ̀ fún un, torí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni. Ọkọ mi ní kí n má kọ iye tí mo pàdánù síbí, kí àwọn olówó èlé má baà mọ̀ pé ọwọ́ mi gbẹ. Ó dáa, mi ò kọ ọ́.

Ká ní ọkọ̀ tó ń kó iṣu wa jó 100 lítà kó tó dé ọjà. Bí lítà bá jẹ́ 1,000 náírà, owó orí ìdá márùn-ún lórí rẹ̀ jẹ́ 5,000 náírà. Ta ló máa san án? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe dírẹ́bà. Dírẹ́bà ò tiẹ̀ ní fi 5,000 kún owó ẹrù, á fi 10,000 kún un, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó ní òun ò ní ṣẹ́ńjì. Àwa tá a wà láàárín, a ò lè fi gbogbo ẹ̀ lé orí iṣu, torí oníbàárà á kọjá lọ sí ìsọ̀ kejì. Bí iye yẹn bá dúró sójú kan, tá a mọ̀ pé náírà báyìí ni lórí lítà kan, a ó lè bá dírẹ́bà ṣírò ó lójú ara wa pé, "Lítà mélòó lo jó? Owó orí rẹ̀ jẹ́ báyìí. Mú èyí, má mú tọ̀hún." Ìdá tó ń yí lójoojúmọ́ ń bo dírẹ́bà láṣìírí ni.

Mo mọ ohun tí ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn máa sọ, ó sì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Á ní bí a bá dá iye lé e ní náírà, náírà náà á jẹrà. Náírà kan ààbọ̀ ti 2004, ta ló ń mọ kọ́bọ̀ lónìí? Àwọn ọmọ wa ò rí kọ́bọ̀ rí. Bí wọ́n bá ti fi náírà kan ààbọ̀ sílẹ̀ títí di òní, kò ní dí kòtò kan ṣoṣo lójú ọ̀nà. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí wọ́n dá iye lé e, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ní gbangba, nígbà tí wọ́n bá ń ka ètò ìnáwó. Aṣòfin tó bá fẹ́ fi náírà márùn-ún kún un, kó dìde dúró, kó sọ ọ́, ká rí ojú ẹ̀ nínú tẹlifísọ̀n, ká lè bi í léèrè nígbà ìbò. Kí ó má jẹ́ pé ẹ̀rọ ilé epo ló ń ṣòfin fún wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ ní Amẹ́ríkà, ẹ bi wọ́n léèrè nípa ìpínlẹ̀ Virginia. Sẹ́ǹtì 17 ààbọ̀ ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ lórí gálọ́ọ̀nù epo kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2013 wọ́n pa á rẹ́, wọ́n sọ ọ́ di ìdá lórí iye tí àwọn oníṣòwò ńlá ń ta epo. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, epo já wálẹ̀ lágbàáyé. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2020, wọ́n padà sí sẹ́ǹtì lórí gálọ́ọ̀nù. Ìjọba tó gbọ́n ju tiwa lọ ti dán ìdá wò, ó sì ti padà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà yìí náà ni wọ́n ní ọgbọ́n kan tó wù mí. Dísẹ̀lì tí wọn ò ní fi rin ojú ọ̀nà, bíi ti ẹ̀rọ oko, wọn kì í gba owó ọ̀nà lórí ẹ̀, wọ́n á sì pa á láró pupa kí ẹnikẹ́ni má baà rọ ọ́ sínú mọ́tò. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin aládìrẹ. Mi ò sọ pé kí wọ́n wá máa pa epo láró níbí, mo mọ àwọn èèyàn wa, wọ́n á rí ohun tí wọ́n máa fi fọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà nídìí ẹ̀. Ìyá tó ń lọ ata ní ìdí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ẹ̀ ò rin ọ̀nà kankan rí. Ẹlẹ́ja tó ń tan jẹnẹrétọ̀ kí ẹja inú yìnyín má baà rà, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ ò ba títì kankan jẹ́. Aránṣọ náà ń kọ́? Àwọn wọ̀nyí ń ra epo nítorí pé iná ò sí, ó wá kù kí wọ́n tún san owó títì lé e. Bí ìjọba ò bá lè ya epo wọn sọ́tọ̀, ó kéré tán, kí iye tí wọ́n máa dá lé lítà kéré, kí ó sì dúró sójú kan. Lórí ìdá, ìyá alátalílọ̀ ni ẹrù náà máa wọ̀ jù, torí gbogbo ọjà tó ń tà kò ju epo àti ariwo lọ.

Ó ku àwọn tó ní kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ rárá. Ìyá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún púpọ̀ nínú ìgbìmọ̀ wa sọ ọ́ fún mi pé bí mo bá ti ń sọ pé kí wọ́n dá iye lé e, mo ti gbà fún wọn nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, àmọ́ mi ò gbà bẹ́ẹ̀. A ti ń san owó ọ̀nà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún tó kọjá, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan ṣẹ́ sínú kòtò pẹ̀lú iṣu mi lórí ẹ̀, lójú ọ̀nà tí mi ò ní dárúkọ, a sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ méjì. Iṣu tó wà nísàlẹ̀ ti gbóná, òmíràn ti fọ́. Owó ọ̀nà ni mo san yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì fún mi ní rìsíìtì. Láti oko dé ọjà, mo ka ibi méjìlá tí wọ́n ti dá wa dúró lẹ́ẹ̀kan náà, tíkẹ́ẹ̀tì pupa, tíkẹ́ẹ̀tì àwọ̀ ewé, ti igi tí wọ́n fi dí ọ̀nà láì ní tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Bí dírẹ́bà bá jiyàn, wọ́n á fọ́ dígí. Èwo nínú ẹ̀ ló ń bọ́ sápò ìjọba? Èwo ló tún ọ̀nà ṣe?

Owó orí lórí epo ní ire kan tí àwọn yẹn ò ní: ibi kan ni wọ́n ti lè gbà á, níbi tí epo ti ń jáde kó tó dé ilé epo. Kò nílò ọmọkùnrin tó mú kóńdó dání. Ẹni tó rin ọ̀nà púpọ̀ á san púpọ̀, ẹni tó rin díẹ̀ á san díẹ̀. Bí ìjọba bá sọ pé náírà báyìí lórí lítà kan, àti pé láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì lójú títì mọ́ fún ọkọ̀ tó kó oúnjẹ, èmi á san án, mo sì gbàgbọ́ pé owó ẹrù mi á dín. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ti epo lé orí ti tíkẹ́ẹ̀tì, nígbà náà kí wọ́n má bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ìdá ọgọ́ta tí òfin 2007 ní kó wá sí àwọn ìpínlẹ̀ náà, a ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ Àbújá nìkan. Gómìnà tó bá ń bá wa pariwo pé owó orí epo ò dáa, ẹ bi í léèrè pé nínú ohun tó bá wọlé, èló ló máa jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ọ̀nà oko wo ló sì máa kọ́kọ́ ṣe. Kí wọ́n máa lẹ iye tó wọlé mọ́ ara ògiri ọjà lóṣooṣù, bí a ṣe ń lẹ owó ẹgbẹ́ wa mọ́ ara ògiri. Kò ju bébà kan lọ.

Ẹ ti gbọ́ orúkọ Alimọtu Pẹlẹwura, ìyálọ́jà tó ń ta ẹja ní ọjà Ẹrẹkọ l'Ékòó. Ní ọdún 1940, òyìnbó fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí èrè ọjà ẹ̀ bá ju 50 pọ́n-ùn lọ lọ́dún. Àwọn obìnrin ọjà Èkó tì ìsọ̀ wọn, wọ́n lọ bá ìjọba. Kí ló jáde níbẹ̀? Òyìnbó ò fa òfin náà ya, ààlà ni wọ́n sún, láti 50 pọ́n-ùn dé 200 pọ́n-ùn, ọ̀pọ̀ obìnrin ọjà ló sì bọ́ lọ́wọ́ owó náà, torí ta ló ń jèrè 200 pọ́n-ùn nígbà yẹn? Àwọn ìyá wọ̀nyẹn, púpọ̀ nínú wọn ò mọ ìwé, àmọ́ wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa tẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gbé lọ bá aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ni pé kí wọ́n tún apá yẹn nínú òfin náà ṣe, kí wọ́n yọ ìdá kúrò, kí wọ́n fi náírà sí i. Kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ ọn pé tíkẹ́ẹ̀tì ojú títì lórí ọkọ̀ oúnjẹ ti parí. Mo sì ti sọ fún ìyálọ́jà wa pé a ò lè lọ lọ́wọ́ òfo, àwọn èèyàn yẹn máa ń béèrè ìṣirò.

Nítorí náà, ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, kí olórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan mú ìwé kan wá: ìsọ̀ aláta, ìsọ̀ ẹlẹ́ja, oníṣu, ẹlẹ́lùbọ́, aránṣọ, alátalílọ̀, gbogbo wa. Kẹ́ ẹ kọ epo tí ẹ̀rọ yín ń jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan síbẹ̀, àti èyí tí ọkọ̀ tó kó ẹrù yín wá jó, bí dírẹ́bà bá gbà láti sọ òótọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kó jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ bá a kọ ọ́. Lítà ni kẹ́ ẹ kọ o, ẹ má kọ owó, torí owó á ti yí padà ká tó dé ọ̀dọ̀ wọn.